Bí Mo Ṣe Gbé Ẹjọ́ Zárin Dé Ìlú Òyìnbó

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ibi tí mo yà sí ní Kábà tí wọn kì í ti bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé torí eré orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú òyìnbó. Lóòótọ́ ni. Ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ẹ rín in síta. Àwọn kan ń lọ torí iṣẹ́, àwọn kan ń lọ torí ìwé. Èmi Tóyìn, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní físíìsì, àríyànjiyàn ni mo bá lọ. Mo sì tún bá ti ẹ̀gbọ́n mi lọ, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì já síra wọn bí ẹ ó ṣe rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti eré náà fún ẹni tí kò wò ó rí. Orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì gùn. Àwa tí à ń wò ó ní ọjọ́ Sátidé ní ṣọ́ọ̀bù Sàlíù, ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà, ń pè é ní Ọkọ̀ Ìràwọ̀. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń gbé inú ọkọ̀ ńlá kan tó ń ti ayé kan bọ́ sí òmíràn, Zárin sì ni obìnrin tó ń wa ọkọ̀ náà. Ní ìpín kìíní, bàbá Zárin kú. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ sínú àpótí, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n tì í sínú òfuurufú. Zárin kò sunkún, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di ìpín kẹrin, ó gbé ọkọ̀ balẹ̀ sí ayé tí wọ́n ti bí i, ó pe ẹbí jọ, ó pa ẹran, wọ́n kọrin, wọ́n jó, wọ́n sì sin bàbá kan náà bí ẹni pé kò tíì pẹ́ tó kú.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Káàkiri ayé ni àwọn olólùfẹ́ eré náà ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní bàbá tó kú ní ìpín kìíní kì í ṣe bàbá rẹ̀ gan-an. Àwọn kan ní Zárin tí a rí ní ìpín kẹrin kì í ṣe Zárin, wọ́n ní ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ni. Àwọn tó pọ̀ jù ní ẹni tó kọ eré náà ló gbàgbé pé òun ti pa bàbá náà. Àwa ní ṣọ́ọ̀bù Sàlíù kò rí nǹkan tí wọ́n ń jà lé lórí. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wo apá yẹn, Sàlíù ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Kái! Ó wá ráyè wàyí, ó wá ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún bàbá ẹ̀. Ọmọ dáadáa." Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. A kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan lè pe nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àṣìṣe títí a fi ka ohun tí àwọn ará ìta ń kọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí àgbàlagbà bá kú lọ́dọ̀ wa, a ó gbé e wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni òpin. Ọjọ́ kan ṣì ń bọ̀ tí àwọn ọmọ yóò pé, tí a ó pe òkú lórúkọ, tí a ó sì kí i pé ó dìgbóṣe. Nílé tiwa, àkọ́bí ló gbọ́dọ̀ dúró níwájú lọ́jọ́ náà. Kò sí àbúrò tó lè dúró síbẹ̀ dípò rẹ̀, bó ti wù kó gbọ́n tó.

Bàbá mi kú nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ọ̀nà. Àwa díẹ̀ la sin ín, a fi ìbòmú sẹ́nu, a jìnnà síra wa bí ẹni tó ń jà. Bọ̀dá Rótìmí, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ àkọ́bí, wà nílùú òyìnbó, kò lè wá. Láti ìgbà náà ni Ìyé, ìyá wa, ti ń retí kí ó wálé ká lè ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn. Ọ̀nà ti ṣí tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá pè é, èsì kan náà ni yóò fún mi: "Tóyìn, a ti sin Bàbá. Ta ní ń sin èèyàn lẹ́ẹ̀mejì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àwọn tó ń bá Zárin jà ń kọ. Bí mo bá ka tiwọn lórí fóònù, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń gbọ́, inú á bí mi lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìpàdé àwọn olólùfẹ́ eré náà wá kéde pé àríyànjiyàn yóò wáyé ní gbangba níwájú ọkùnrin tó kọ eré náà, àti pé bí ẹjọ́ bá dá Zárin lẹ́bi, wọn yóò yọ apá yẹn kúrò nínú àkójọpọ̀ tuntun tí wọ́n fẹ́ gbé jáde, mo kọ̀wé pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà. Mo wo orúkọ ìlú tí wọ́n fẹ́ ṣe é sí, mo rí i pé ìlú tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ni. Mo sọ fún Ìyé pé n kò ní padà wálé lọ́wọ́ òfo. Nínú Zárin àti Rótìmí, mo gbọ́dọ̀ gba ọ̀kan.

Èkó

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà dá yín lágara. Ẹni tó bá ti ṣe é mọ bó ṣe rí, ẹni tí kò tíì ṣe é kò níí gbà mí gbọ́. A gba ọ̀nà Ìkàrẹ́ lọ, a gba Ọ̀wọ̀, mo sì dé Èkó pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń yẹ ìwé wò gbọ́ tí mo ń bá ẹni tó wà lẹ́yìn mi sọ̀rọ̀. Ó wo ìwé mi, ó wo ojú mi.

Ó ní, "Mà, Kogi lẹ kọ síbí. Ẹ mà gbọ́ Yorùbá o!"

Mo ní, "Yorùbá ni mí."

"Ṣebí òkè Ọya ni wọ́n ka Kogi mọ́?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n kà á mọ́."

"Báwo lẹ wá ṣe jẹ́ Yorùbá?"

Mo ní, "Àbúrò mi, láti Kábà títí dé ibi tí o dúró sí yìí, n kò la odò Ọya kankan kọjá. Ẹni tó pín in ni kí o bi." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mí, ó ti mọ́ mi lára. Àwa ará Okun, Yorùbá inú Kogi, ni ẹ̀dá ìtàn tí àwọn ẹlòmíràn máa ń sọ pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò bára mu. Bí a bá dé Èkó, wọ́n á ní ará òkè Ọya ni wá. Bí a bá dé Kàdúná, wọ́n á ní Yorùbá ni wá. Ẹni tó bá fẹ́ yọ wá kúrò nínú ìwé kan kò ní ṣàìrí ìdí tí yóò fi ṣe é. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n tètè gbèjà Zárin. Mo wọ ọkọ̀, mo di bẹ́líìtì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ mi sínú.

Ibi tí wọ́n ti gbé mi dìde

Òtútù ìlú náà kò gbà kí èèyàn kí i kó tó kí èèyàn. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó dúró sídìí òpó kan, ó wọ ẹ̀wù dúdú, ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti ń funfun. Bàbá wa ni mo rí. Orúnkún mi kanlẹ̀ kí n tó rò ó.

"Okun o, Bọ̀dá mi."

"Okun, Tóyìn. Dìde, dìde, wọ́n ń wò wá."

Kó tó fà mí dìde, ìyá arúgbó òyìnbó kan ti sáré dé. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó di apá mi mú pẹ̀lú agbára tí n kò rò pé ó ní, ó ń bi mí bóyá egungun kankan ṣẹ́. Ọkùnrin kan tún sáré wá, ó ní òun á pe dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé pé àbúrò òun ni, pé òun ló ń kí. Ìyá náà wò ó tìfura-tìfura, bí ẹni tó lù mí bolẹ̀, kò sì lọ títí mo fi rẹ́rìn-ín tí mo ní ara mi le. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fẹ́ràn àwọn èèyàn ìlú yẹn. Ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé wọn kì í wojú ẹni. Wọ́n ń wò ó. Wọn kò kàn mọ ìgbà tí èèyàn ṣubú yàtọ̀ sí ìgbà tó kúnlẹ̀.

Ìkíni tiwọn ló dà mí láàmú. Ọkùnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi rí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì bó ṣe ń gbé ìdọ̀tí jáde, ó bi mí bóyá dáadáa ni mo wà. Mo dúró, mo dá a lóhùn bí a ṣe ń dáhùn nílé: mo ní ọpẹ́ ni, mo ní ẹsẹ̀ mi ṣì wú díẹ̀, mo ní Ìyé wa ní kí n kí gbogbo ará àdúgbò, mo sì bi í nípa ìyàwó àti iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ìdọ̀tí rẹ̀ dání títí mo fi parí. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìbéèrè, pé èèyàn kàn ń fi kọjá ni. Mo ní hàbà, ta ní ń béèrè ohun tí kò fẹ́ gbọ́? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ọkùnrin yẹn bá ti rí mi, á gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kí mi.

Ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi da ìyẹ̀fun kan láti inú páálí sínú omi gbígbóná, ó rò ó, ó gbé e síwájú mi, ó ní iyán ni. Mo wo iyán, iyán wò mí. Mo jẹ ẹ́ torí pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ti wá, mo sì dúpẹ́. Ẹja àti ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n ń tà ní ìgun òpópónà ló gbà mí là. Wọ́n ń bu ọtí kíkan sí i, mo rò pé wọ́n ń fi ṣeré ni, àfìgbà tí mo tọ́ ọ wò. Ó dára púpọ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ kí àwọn òbí tirẹ̀ lákòókò náà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà nílé. Ó ṣe dáadáa sí mi. Ó ra ẹ̀wù òtútù fún mi, ó fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó sùn sórí àga. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní, "Bọ̀dá, ti Bàbá ńkọ́," á ní, "Jẹun, oúnjẹ ń tutù." Mo ṣàkíyèsí pé kò sí àwòrán Bàbá kankan lára ògiri rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìyé wà níbẹ̀, èmi wà níbẹ̀, ewúrẹ́ wa àtijọ́ pàápàá wà níbẹ̀. Inú bí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti yọ ọ́ kúrò. N kò sọ ọ́ síta. Mo ní kó bá mi dé gbọ̀ngàn lọ́jọ́ àríyànjiyàn, ó ní òun á gbàyè níbi iṣẹ́. Ìyẹn náà tó mi láti bẹ̀rẹ̀.

Gbọ̀ngàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé orí mi ti dàrú, ẹ̀ bá rí àwọn tó wà níbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan kun ojú rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, ó gbé ìyẹ́ sẹ́yìn, ó sì ń fara balẹ̀ mu tíì. Àwọn obìnrin tó múra bíi Zárin pọ̀ débi pé mi ò kà wọ́n tán, àwọn kan sanra, àwọn kan dàgbà, ọ̀kan lóyún. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láìsí ẹni tó ń lé wọn. Gbogbo wọn ló ń pe ara wọn lórúkọ, àgbà àti ọmọdé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kéré sí àwọn ọmọ tí mo ti kọ́ jáde pè mí ní Tóyìn ganngan. Mo gbé e mì, mo ní ilé onílé ni.

Ẹni tí yóò bá mi jiyàn ni Graham, ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tó wo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ju bí mo ṣe ka Bíbélì lọ. Ó wá bá mi kó tó kan wa, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi, ó sì ń tún un pè títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó fún mi lára búrẹ́dì rẹ̀ tó fi kùkúmbà tútù sí. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni jẹ́jẹ́ nìyí, n kò ní fi bẹ́ẹ̀ le mọ́ ọn.

Bó ṣe gorí pèpéle ló di ẹlòmíràn. Ó ní pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó ní fún mi, ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ kò nítumọ̀. Ó ní ní ìpín kìíní, gbogbo wa la rí i tí àpótí náà fò lọ. "Kò sí òkú mọ́," ni ó wí. "Kí wá ni wọ́n gbé sílẹ̀ ní ìpín kẹrin? Ẹni tó bá ti sin bàbá rẹ̀ ti sin ín. Òǹkọ̀wé gbàgbé, ó tán." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an. Mo wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó, ó káwọ́ gbera.

Mo dìde.

Mo sọ fún wọn pé lọ́dọ̀ wa, bí ẹnìkan bá kú sájò, tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé bọ̀, èékánná rẹ̀ àti irun orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé wá sílé láyé àtijọ́, wọn á sì sin ín pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ. Mo ní òkú kọ́ ni ìsìnkú wà fún, ìdágbére ni. Mo ní ẹ padà wo ojú Zárin ní ìpín kìíní, nígbà tí wọ́n tilẹ̀kùn. Ó ní iṣẹ́ láti ṣe, ọ̀tá ń lé wọn, kò ráyè. Ṣé ẹni tí kò ráyè sunkún ti sin bàbá rẹ̀?

Gbogbo rẹ̀ tí mo ti kọ́ sórí láti Kábà parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò jókòó. Mo sọ ti bàbá mi fún wọn. Mo ní tíṣà ni, ó fi ẹsẹ̀ rin gbogbo oko tó yí Kábà ká láti máa wá àwọn ọmọ tí òbí wọn kò fẹ́ kí wọ́n wá sílé ìwé, lọ́jọ́ tó sì kú, àwọn tó wà níbi ibojì rẹ̀ kò kún bẹ́ǹṣì kan. Mo ní a bò ó mọ́lẹ̀ ní wàrà-wàrà, bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. "A gbé e wọlẹ̀ ni," ni mo wí, "a ò tíì sin ín. Títí di òní a ò tíì sin ín, torí àkọ́bí rẹ̀ kò tíì wálé."

Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó mú ẹ̀wù rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó dùn mí wọ egungun. Mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n mo ní Tóyìn, bí o bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, o pàdánù méjèèjì. Mo dúró.

Ni ọkùnrin tó kọ eré náà wá dìde. Ènìyàn kúkúrú ni, ojú ń tì í. Ó ní ọ̀rọ̀ mi wọ òun lára, òun ìbá sì fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe rò ó, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́. Ó ní òun gbàgbé ni. Àwọn tó kọ ìpín kìíní pẹ̀lú òun ti lọ, kò sì sẹ́ni tó rántí pé bàbá náà ti kú. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí! Àwa ní ṣọ́ọ̀bù Sàlíù, a rí àṣìṣe, a kí i káàbọ̀, a fún un lórúkọ, a sì jà fún un. Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ àyàfi ará ilé wa. N kò tijú. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, mo gbà pé ẹ gbàgbé. Ṣùgbọ́n Zárin kò gbàgbé. Ẹ wò ó bó ṣe ń jó."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n tilẹ̀ dìde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nawọ́ sókè láti dìbò, wọ́n sì dá Zárin lẹ́bi. Bí àwọn òyìnbó ṣe rí nìyẹn, wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún ẹ kí wọ́n tó dìbò lòdì sí ẹ, ọkàn wọn á sì mọ́ nínú méjèèjì. Graham ra tíì fún mi. Ó ní òun ṣì gbà pé n kò tọ̀nà. Mo ní èmi náà ṣì gbà pé òun ni kò tọ̀nà. A dì mọ́ra.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi

Mo bá a ní ibi tí ó ti ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Kò kọjú sí mi.

Ó ní, "O gbé Bàbá wa síta fún àwọn àlejò."

Mo ní, "Mo gbé e síta. Ẹ̀yin ò gbà kí n gbé e sínú ilé yìí."

"Tóyìn!"

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, ọjọ́ orí yín ju tèmi, ṣùgbọ́n n kò ní tọrọ àforíjì fún ìyẹn. Ìyé ti ń darúgbó. Ó ń dúró dè yín. Kí ló dé tẹ́ ò fẹ́ wá?"

Ó ti ẹ̀rọ omi. Ó fi ọwọ́ tútù mú etí abọ́ kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré tó jẹ́ pé mo ní láti sún mọ́ ọn. Ó ní lọ́jọ́ tí a sin Bàbá, orí fóònù lòun ti ń wò ó. Ó ní òun rí àpótí, òun rí Ìyé, òun rí èmi náà. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni nẹ́tíwọọ̀kì já. Nígbà tó fi padà dé, ilẹ̀ ti wà ní títẹ́.

"N kò rí i kí wọ́n gbé e wọlẹ̀," ni ó wí. "Lọ́kàn mi, ó ṣì wà nínú ilé ìwé yẹn, ó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ. Bí mo bá wálé, tí mo bá rí ilẹ̀ yẹn, á jẹ́ pé ó ti kú nìyẹn."

Omijé bọ́ lójú mi. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé ó ti gbé bàbá wa jù sẹ́yìn ni. Mo ní, "Ó ti kú, Bọ̀dá mi."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí àga tó ń sùn lé. Èmi náà lọ jókòó tì í. Títí tí mo fi wọ ọkọ̀ padà, kò sọ pé òun á wá, kò sì sọ pé òun ò ní wá. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, "Kí Ìyé fún mi" ni gbogbo ohun tó rí sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò kúnlẹ̀. Mo dì mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn.

Kábà

Mo wálé lọ́wọ́ òfo méjì. Sàlíù fẹ́rẹ̀ẹ́ tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nítorí ìbínú. Ó ní kí wọ́n yọ ohun tó bá wù wọ́n, ẹ̀dà ti àtijọ́ wà lọ́wọ́ òun, kò sì sí òyìnbó tó máa wá gbà á lẹ́bàá ọjà Kábà. A ṣì ń wò ó. Ìyé ní tirẹ̀ kò bi mí ní nǹkan kan nípa Zárin. Ó bi mí bóyá ọmọ òun ń jẹun. Mo ní ó ń jẹ nǹkan kan tó ń pè ní iyán, ó sì mi orí.

Mo ń bá a lọ láti pe Bọ̀dá. Kì í tún sọ fún mi mọ́ pé a kì í sin èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì jẹ́ kó rẹ̀ mí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé wa, Bọ̀dá Rótìmí sì bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Kò pe ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ìyé jáde wá, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "O ti rù," ó sì wọlé lọ gbé omi sórí iná.

Ọjọ́ ẹ̀yẹ ìkẹyìn, ẹ̀yin náà wá, ẹ rí i bí èrò ṣe pọ̀ tó. Àwọn ọmọ tí Bàbá wá lọ sóko, tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá, wá láti Ìyàrà, láti Mopa, láti Ẹ̀gbẹ̀. Nígbà tó tó àkókò, a ṣínà fún àkọ́bí. Ó yẹ kó bu erùpẹ̀ díẹ̀ sórí ibojì, kó pe bàbá rẹ̀ lórúkọ, kó sì kí i, kí orin lè bẹ̀rẹ̀. Ó bu erùpẹ̀ náà. Ó ya ẹnu, orúkọ kò jáde. Lójijì ló ṣubú sórí ilẹ̀ náà, ó sì fi igbe ta, ọkùnrin àádọ́ta ọdún ó lé.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọjọ́ ayọ̀ ló yẹ kó jẹ́, wọn kì í sunkún báyẹn níbi ìkẹyìn àgbà. Alàájì, àbúrò Bàbá wa, tó ń kírun ní tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣeré, sáré lọ gbá a mú láti gbé e dìde. Ó ń sọ pé, "Hàbà, Rótìmí, ó tó, ó tó, Bàbá ẹ ti lọ tipẹ́."

Ìyé na ọwọ́ síwájú rẹ̀, ó dá a dúró.

Ó ní, "Alàájì, ẹ fi í sílẹ̀ kó sunkún. Ìkẹyìn làwa wá ṣe. Òun, òní ni bàbá ẹ̀ kú."